Ta Ni Ó Pa Wọ́n?

Bí a bá gbé ife mẹ́ta kalẹ̀ lórí tábìlì kan, tí a bu omi mímu sí ọ̀kan, tí a bu ethanol, èyí tí í ṣe agbára inú ọtí gbogbo, sí èkejì, tí a sì bu methanol, èyí tí àwọn ará ìṣáájú ń pè ní ọtí igi, sí ẹ̀kẹta, tí a wá pe ẹni tí ojú rẹ̀ mú bí ojú àwòdì pé kí ó wò wọ́n láì fọwọ́ kàn wọ́n, láì gbóòórùn wọn, kí ó sì sọ fún wa èyí tí ń pa òùngbẹ, èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí àti èyí tí ń fọ́ni lójú, olúwa rẹ̀ yóò wò wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó mọ́ gaara, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kò sì sí èyí tí ó ní àwọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú ohun olómi, ó ń tẹ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà tí ó ń bá bọ̀, àwọn onímọ̀ sì ti wọn títẹ̀ náà: 1.333 ni ti omi, 1.329 ni ti methanol, 1.361 ni ti ethanol. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi dígí ṣe lè ka ìyàtọ̀ yìí bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ẹ̀rọ náà pàápàá yóò ṣì wọ́n kà, àfi èyí tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ife.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí ohun tí kò ní ọkàn, tí kò ní èrò, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, bá pa ènìyàn, ta ni kí a mú?

Ṣáṣá ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátò àti ata tí ó ti Òkè Ọya bọ̀, tí ènìyàn ilẹ̀ Ìbàdàn àti ènìyàn ilẹ̀ Haúsá sì jọ ń ná an. Ibi tí ẹrù bá ti ń wọlé ní òru, alágbo kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ ó rí ìgò lórí pẹpẹ, tí orógbó, ataare, egbò àti èèpo igi kún inú rẹ̀ títí dé ọrùn, tí ògógóró inú rẹ̀ sì ti di pupa rúsúrúsú. Bí ẹ bá bi alágbo léèrè pé kí ló dé tí kò fi omi rẹ gbogbo rẹ̀, yóò ní ti omi kò ní le tó, òtítọ́ pọ́nńbélé ni ó sì sọ láìjẹ́ pé ó gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé gíga Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa, kọjá. Omi àti epo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ohun tí epo bá gbé mọ́ra nínú èèpo igi, omi kò lè tú u sílẹ̀. Ethanol ni aláàárín wọn. Apá kan ara rẹ̀ ń fa omi mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí bí a ti lè po òun àti omi tí wọn kò ní di ọ̀kan. Apá kejì, tí ó jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn, ń bá epo, oje igi àti òróró olóòórùn dídùn dọ́rẹ̀ẹ́. Nítorí èyí ni káfíńtà fi ń lo sípíríìtì láti yọ́ ohun tí ó fi ń dán àga, tí nọ́ọ̀sì fi ń lò ó láti nu ojú abẹ́rẹ́, tí alálọ̀fíńdà sì fi ń lò ó láti gbé òórùn dídùn dé ara aṣọ wa.

Àwọn ẹlẹ́sìn ti jiyàn lórí ohun kan ṣoṣo yìí tipẹ́. Al-Kùránì ka ọtí mọ́ iṣẹ́ èṣù. Ìwé Jòhánù sọ pé omi di wáìnì ní Kánà. Àwọn ìjọ aládùúrà wa kan kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí a ń tẹ̀lé ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé ti kọ sílẹ̀ ṣáájú pé kí ethanol inú oògùn ìfọwọ́ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni a gbé e sí, ọ̀pọ̀ ààfáà ni ó sì ṣàlàyé pé mímu ún ni ìjà wà lé lórí, pé fífi í pa ọwọ́ kì í ṣe mímu. Mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Ohun kan náà ni ó wà nínú ìgò ọtí àti ìgò oògùn ìfọwọ́. Ohun tí ọwọ́ fi ṣe ni ó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí apá kan ná, nítorí ẹjọ́ tí ó mú mi kọ ìwé yìí le ju ẹjọ́ mímu àti àìmu lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì wọ Òde-Ìrèlé, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á máa fọ́ ẹni tí ó mú, ojú rẹ̀ á ṣú, yóò dákú, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ nígbà mìíràn, ó ti kú. Ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú báyìí láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkùnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó dé. Àwọn kan ní ìlú sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ti tàpá sí èèwọ̀ ojúbọ Malókun, pé òrìṣà ni ó ń gbẹ̀san. Àjọ ìlera àgbáyé, ní tirẹ̀, kọ́kọ́ rò pé oògùn apakòrìkò ni. Nígbà tí àyẹ̀wò yàrá ìwádìí jáde, methanol ni wọ́n bá, inú ògógóró ni ó sì gbà wọ inú àwọn tí ó kú. Láìpẹ́ láìjìnnà, irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì pa ju ti Òde-Ìrèlé lọ.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó ka ìwé kí ó fi àwọn tí ó dárúkọ Malókun rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá a rín in. Ẹ wo bí majele náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá mu ún ní alẹ́, kò ní mọ̀ ju pé ọtí ń pa òun lọ. Yóò sùn, yóò jí, ó lè jẹun. Ó lè tó wákàtí 12, ó sì lè tó 24, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà lọ́ ni pé bí ethanol bá pọ̀ nínú ọtí náà, ṣe ni yóò dí ọ̀nà fún methanol, tí ìyà náà yóò sì pẹ́ sí i kí ó tó dé. Àwọn àgbà máa ń wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí kò sí ẹyẹ tí ó ké. Gbogbo ọkùnrin ìlú ni ó ń mu ọtí lójoojúmọ́ ayé wọn láti ìgbà bàbá ńlá wọn, tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bá wọn. Ta ni yóò wá fura sí ohun tí ó ti ń jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tí èèwọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà wà ní etí gbogbo ènìyàn?

Ọ̀nà tí ikú yìí ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ara ṣe mí ní kàyéfì ju ohun gbogbo tí mo ti kà nípa rẹ̀ lọ. Methanol fúnra rẹ̀ kò burú tó bí a ti ń pè é. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ni ibi tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ènìyàn, tí Elédùmarè fi ṣe olùtọ́jú ilé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti fọ́ ohun àjèjì sí wẹ́wẹ́ kí ó lè jáde, a fi ìtara mú un, a sọ ọ́ di formaldehyde, a tún sọ ìyẹn di ásíìdì kan tí a ń pè ní formic acid. Ásíìdì yìí ni apànìyàn. Ó ń fún iná inú ẹ̀yà ara pa, ibi tí ó sì kọ́kọ́ ń jà ni okùn iṣan tí ó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ, tí ẹni tí ó mu ún fi ń sọ pé gbogbo ayé funfun níwájú òun. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìwọ̀nba tí ó tó ṣíbí ìmutíì méjì, ó lè fọ́ ènìyàn lójú títí ayé.

Ethanol, èyí tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, ni oògùn rẹ̀. Ohun kan náà nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ethanol ni ó fẹ́ràn jù. Bí a bá fi ethanol fún aláìsàn náà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ẹ̀dọ̀ á gbájú mọ́ ọn, methanol á sì máa bá ìtọ̀ àti èémí jáde díẹ̀díẹ̀ láì di ásíìdì. Dókítà ní ilé ìwòsàn lè tipa báyìí mú ọtí wo ẹni tí ọtí fẹ́ pa. (Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí tán kí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògógóró wo ara rẹ̀ nílé, ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, oògùn mìíràn tí ó dára jù ú lọ, fomepizole, sì wà.) Kábọ́ọ̀nù kan ni methanol ní, ethanol ní méjì. Nítorí ẹyọ kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn méjì, ọ̀kan di ohun ìgbéyàwó, èkejì di ohun ìsìnkú, ojú kò sì rí ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ibí yìí ni ó ti kan àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní 1986, Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n ti jọ bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti fi hàn pé lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí ó kà nínú ìwé, ó gbà á gbọ́ ni. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwa náà ṣáà ń wí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ìlànà líle, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ó le ju ti àwọn tí wọ́n ń pariwo pé àwọn mọ ohun gbogbo nítorí pé àwọn kà á ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni kí a wá ṣe pẹ̀lú ohun tí ó jẹ́ pé bí a ti ń wò ó gan-an ni ó ń tàn wá, tí ẹ̀san rẹ̀ fún ojú tí ó wò ó tí kò mọ̀ ọ́n sì jẹ́ ìfọ́jú? Àwọn tí ó mu ún ní Òde-Ìrèlé rí ohun tí ó wà nínú ife wọn kedere. Bí wọ́n tilẹ̀ mi ìgò kí wọ́n lè wo ìfófó orí rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ṣáná sí i bí àwọn olùtà ti máa ń ṣe láti fi hàn pé ọtí wọn le, yóò jó, nítorí methanol náà ń jó. Iná rẹ̀ a tilẹ̀ máa ṣòro rí lójú ọ̀sán.

Robin Horton, òyìnbó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbé Nàìjíríà, kọ ọ́ ní 1967 pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ òrìṣà àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan ni: àwọn méjèèjì ń wá ohun tí a kò rí, tí ó wà lẹ́yìn ohun tí a rí, kí wọ́n lè fi kó ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fọ́n káàkiri sábẹ́ ìdí kan ṣoṣo. Ó sọ èyí láti gbé wa ga, a sì dúpẹ́. Ohun tí kò fún ní àyè tí ó tó ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú kò wá ìdí nìkan. Ó ń wá ẹni tí yóò dáhùn. Bí a bá sọ fún un pé Malókun ni, òrìṣà ni ó mú ẹjọ́ lọ. Kò sí ọlọ́pàá tí í dè é, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Bí a bá sọ fún un pé methanol ni, ohun olómi ni ó gbé ẹjọ́ lọ, ìyẹn náà kò ní ọrùn tí a lè so okùn mọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì tóbi, nítorí èkejì jẹ́ òtítọ́ tí dókítà lè fi gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n nínú ohun kan wọ́n bára dọ́gba, èyíinì ni pé àwọn méjèèjì ń jẹ́ kí ènìyàn kan rìn lọ.

Nítorí pé methanol kò ti inú ọ̀pẹ bọ́ sínú ìgò ní ìwọ̀n tí ń pani. Bí àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ bá gbé ẹmu ògùrọ̀ tí ó ti kan ka iná nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ ń gba ọ̀pá kọjá nínú omi tútù tí ó sì ń kán sílẹ̀, methanol tí yóò wà nínú rẹ̀ kéré gan-an. Èyí tí ó ń pa odindi ìlú, ilé-iṣẹ́ ni ó ti wá. Ohun tí a fi ń po ọ̀dà àti ohun mìíràn ni, tí ẹnìkan bù sínú ọtí tàbí tí ó tà bí ọtí, bóyá nítorí owó, bóyá nítorí pé òun náà wò ó, ó rí i pé ó mọ́ gaara. Ìjọba pàápàá kò mọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1855, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a máa ta ọtí fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láìsan owó orí ọtí bí a bá ti po ọtí igi mọ́ ọn kí ó má baà ṣeé mu. Wọ́n sì tún wá ń pa á láró kí ojú lè dá a mọ̀, bí a ti ń kọ ilà fún ọmọ kí ó má baà sọnù nínú ogun. Ìyẹn sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, láàárín 1920 sí 1933 tí òfin de ọtí, ìjọba pàṣẹ kí a túbọ̀ fi majele kún ọtí ilé-iṣẹ́, nígbà tí ó sì mọ̀ dájú pé àwọn ènìyàn ń jí i mu, ó tún mú kí methanol inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ni ó kú. Àwọn kan sì wí nígbà náà pé ọ̀mùtí ni ó pa ara rẹ̀.

Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, ti Ọbàtálá ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé Òrìṣà-ńlá, Ọ̀ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀màgbò, alábàláṣẹ, ẹni tí ń mọ ojú tí ń mọ imú nínú òkùnkùn, mu ẹmu yó ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì: ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ afọ́jú, ó mọ àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní ohun púpọ̀ tí ìbá wí. Ìbá ní ẹmu ni ó ṣe é. Ìbá gégùn-ún fún ọ̀pẹ kí ó má lè so mọ́. Ìbá di ẹ̀bi náà ru ẹni tí ó gbé ẹmu fún un, nítorí àwọn onítàn mìíràn sọ pé ẹnìkan gbé e fún un. Kò ṣe ọ̀kankan. Ara rẹ̀ ni ó fi èèwọ̀ dè. Ó fi ẹmu sílẹ̀ fún ayé, òun àti àwọn olùsìn rẹ̀ kò mu ún mọ́, ó sì gba gbogbo àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì mọ lábẹ́ àbò ara rẹ̀, tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà títí di òní. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí kò rọrùn fún òbí tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ arọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì sọ pé báyìí ni àrùn ṣe ń wáyé. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni òrìṣà tí a bi léèrè pé ta ni, tí ó sì dáhùn pé èmi ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 kan náà, ìjọba àpapọ̀ de ṣíṣe àti títa ògógóró. N kò bá wọn jà lórí pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí là, ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọtí ni wọ́n dè. Òyìnbó amúnisìn ti de ohun kan náà rí, tí ọlọ́pàá ń wọ inú igbó fọ́ àgbá àwọn tí ń pọn ọn, nígbà tí ọtí líle ti ilẹ̀ òkèèrè ń wọ èbúté Èkó tí owó orí rẹ̀ sì ń bọ́ sí àpò ìjọba. Ògógóró kò parun nígbà náà, kò sì parun lẹ́yìn 2015. Ẹni tí ó fi tọkàntọkàn pọn ẹmu ògùrọ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ àti ẹni tí ó bu ohun ilé-iṣẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, òfin kan ṣoṣo ni ó bá àwọn méjèèjì, kò sì sí ohun tí ó fi hàn lára ọtí pé ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti ṣòro tó láti rí ọwọ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ ra ọtí ní ìtòsí ọjà wa. Mo bi ìyá kan tí ó ń ta á léèrè pé, "Ìyá, lọ́wọ́ ta ni ẹ ti ń ra ògógóró yìí?" Ó ní lọ́wọ́ oníbàárà òun tí ń gbé e wá ní kẹ́ẹ̀gì ni. Mo ní òun ńkọ́, lọ́wọ́ ta ni òun ti rà á? Ó ní àwọn kan ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni ó ń já a fún un. Mo ní àwọn yẹn ńkọ́? Ó ṣí ìdérí ìgò náà, ó gbé e sókè sí ojú oòrùn kí n lè rí bí ó ti mọ́ tó, ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín, bàbá. Ṣé ẹ máa rà á ni àbí ẹ ò rà á?"